Ìwé Tí Kì Í Jẹ́ Kéèyàn Ronú Jù

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá ṣe IT (iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ níta iléèwé) lọ́dọ̀ àwa tó ń kọ́lé ní Abuja ló sọ ọ́. Mo bi í pé ìwé wo ni wọ́n fi ń kọ́ strength of materials, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí irin, igi àti kọnkéré ṣe ń gbé ẹrù, níléèwé wọn. Ó dárúkọ rẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tí kò ní in ní kíláàsì àwọn, pé ẹni tí kò rówó ra ojúlówó ti ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ lẹ́nu géètì. Mo ní kí ló wá dáa lára ẹ̀? Wéré ló dáhùn: "Ẹ̀gbọ́n, ìwé yẹn dáa gan-an. Kì í jẹ́ kéèyàn ronú jù."

Ó ń yin ìwé náà ni o. Ọmọ tó mọ̀wé ni, ó ń tẹ́tí sílẹ̀, ó máa ń tètè dé ibi iṣẹ́ ju àwọn kan tó ń gbowó oṣù lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà kò fi kúrò lọ́kàn mi. Bó bá jẹ́ ọ̀lẹ ló sọ ọ́, ǹ bá ti gbàgbé ẹ̀ nílẹ̀ ọjọ́ kejì.

Látìgbà náà ni mo ti ń bi gbogbo ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà tí mo bá pàdé: àwọn tó wálé fún ìsinmi láti Zaria àti Minna, àwọn ti Gwagwalada, àwọn ọmọ ìjọ wa ní Kubwa tí wọ́n wà ní poly ní Bida àti Kaduna. Ìbéèrè kan náà ni mo ń bi wọ́n: báwo lẹ ṣe rí ìwé yẹn sí? Mo fẹ́ sọ ohun tí wọ́n wí, kí n sì sọ èrò tèmi, torí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti ìwé nìkan.

Ohun tí wọ́n fẹ́ràn, ohun tí wọn ò fẹ́

Ohun tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn ni solved examples. Ìwé tó kún fún ìbéèrè tí wọ́n ti dáhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìlà tẹ̀lé ìlà, ni wọ́n ń pè ní ìwé gidi. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Minna ní òun máa ń fo gbogbo àlàyé tó ṣáájú, òun á kọjá sídìí àpẹẹrẹ, òun á máa wo bí wọ́n ṣe ṣe é títí ọwọ́ òun á fi mọ̀ ọ́n. Ó ní nínú ìdánwò tó kọjá, èyí tó pọ̀ jù nínú ìbéèrè tó jáde ló jọ ti inú ìwé, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n yí padà.

Wọ́n fẹ́ràn èdè rẹ̀ pẹ̀lú. Òyìnbó inú rẹ̀ kò le, gbólóhùn rẹ̀ kúrú, àwòrán wà lójú ìwé gbogbo. Owó rẹ̀ náà kò ga bíi ti àwọn ìwé tó ń wá láti ìlú òyìnbó. Gbogbo èyí ni mo gbà. Ọmọ tó ń gbé ní hóstẹ́ẹ̀lì, tí iná ń lọ tó ń bọ̀, tí kọ́ọ̀sì mẹ́jọ wà lọ́rùn rẹ̀, kò jẹ̀bi bó bá yan ìwé tó lè yé e lóru ọjọ́ kan.

Àròyé wọn náà nídìí. Àwọn kan ní ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé kò tọ̀nà láwọn ibì kan, pé àwọn ti fi pẹ́ńsùlù ṣàtúnṣe rẹ̀ káàkiri, ẹni tó bá sì rà á ní àlòkù lọ́wọ́ wọn ti jèrè. Àwọn tí ẹ̀dà àtijọ́ wà lọ́wọ́ wọn ń ráhùn nítorí ìwọ̀n: ìbéèrè kan á fi kilogram-force wọn agbára, òmíràn á fi newton wọ̀n ọ́n, ẹni tó bá sì gbàgbé láti fi 9.81 sọ ọ̀kan di èkejì, ìdáhùn rẹ̀ á fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá yàtọ̀ sí òótọ́. Nínú ìwé ìdánwò, máàkì méjì péré ni wọ́n máa yọ nítorí ẹ̀. Lábẹ́ òpó ilé, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó wà ní poly ní Bida ni èrò tirẹ̀ yàtọ̀. Ó ní òun ò fẹ́ràn ìwé tí gbogbo ẹgbẹ́ òun ń gbé kiri. Ìwé kan tó ti pẹ́, tí ojú ewé rẹ̀ ti pọ́n, ló ń yá ní ilé ìkàwé wọn. Àpẹẹrẹ inú rẹ̀ ò pọ̀, àlàyé rẹ̀ gùn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń sọ pé gírámà ti pọ̀ jù níbẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí mo bá kà á tán," ó ní, "mo máa ń mọ ìdí tí nǹkan fi ń ṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ òun àti ti ọmọ tó kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ ni mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìkan ń yin ìwé tó gba ìrònú lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì ń yin ìwé tó fi ìrònú lé e lọ́wọ́. Ǹ bá má tètè mọ èwo ni mo máa gbè sẹ́yìn rẹ̀, bí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ wa kan.

Bákónì kan ní Lugbe

Ilé alájà kan là ń kọ́ ní Lugbe, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Bákónì rẹ̀ yọ síta lára ilé ní mítà 1.5, kò sí òpó kankan tó máa gbé e lábẹ́. Ọjọ́ kejì la fẹ́ da kọnkéré dẹ́kìn. Àwọn tó ń to irin ti ṣe tiwọn tán, ó ku ibi bákónì yẹn.

Mo fún ọmọ IT wa ní bébà, mo ní kó ká ẹrù orí bákónì náà sí 10 kN (kilonewton) lórí mítà kọ̀ọ̀kan, kó wá bending moment (ìwọ̀n bí ẹrù ṣe ń gbìyànjú láti mú kí nǹkan tẹ̀) tó ga jù jáde fún mi, kó sì fi ibi tó wà hàn mí. Kò pẹ́ rárá tó fi parí ẹ̀. Ó ya àwòrán, ó kọ wL²/2 sí i (w ni ẹrù orí mítà kọ̀ọ̀kan, L ni gígùn), ó ní 11.25 kNm ni, pé ìdí ògiri gan-an ló ti ga jù. Ó tọ̀nà délẹ̀. Mo yìn ín, mo sì tún bi í léèrè pé: "Irin tó nípọn yìí, òkè kọnkéré la ó gbé e sí ni, àbí ìsàlẹ̀?"

"Ìsàlẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló dé?"

"Òkè ni ẹrù ti ń tẹ̀ ẹ́. Irin gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ kó lè gbé e."

Ọ̀gá àwọn tó ń to irin ń gbọ́ wa. Bàbá kan ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti wà ní Abuja kí wọ́n tó kó olú ìlú wá láti Èkó ní 1991. Kò fi ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó wọ yàrá ọlọ́dẹ lọ, ó mú àlòkù fóòmù kan jáde, èyí tó gùn tó apá èèyàn. Ó gba bírò lọ́wọ́ ọmọ náà, ó fa àwọn ìlà olóòró sí ẹ̀gbẹ́ fóòmù, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó jẹ́ kí àlàfo àárín wọn dọ́gba. Ó ki orí fóòmù náà kan sáàárín búlọ́ọ̀kù méjì, ọ̀kan lábẹ́, ọ̀kan lórí, kó má baà yọ. Ó jẹ́ kí ìyókù nà síta bíi ti bákónì. Ó wá fi ìka méjì tẹ etí rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́bàá búlọ́ọ̀kù, àwọn ìlà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra wọn lókè. Nísàlẹ̀, wọ́n ń sún mọ́ra, fóòmù ibẹ̀ sì hunjọ. Bí èèyàn bá tẹjú mọ́ àárín, á rí ibi tí àlàfo náà kò yí padà rárá, kò fẹ̀ sí i, kò sì dín kù.

"Ọmọ mi, níbo ló ti fẹ́ ya?"

"Òkè, Bàbá."

"Irin ló máa dì í mú kó má ya. Níbo lo máa fi í sí?"

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa, kò sọ̀rọ̀. Bàbá ní: "Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀." Ó yọ fóòmù náà, ó gbé orí rẹ̀ méjèèjì lé búlọ́ọ̀kù méjì tó jìnnà síra, ó tẹ̀ ẹ́ láàárín. Ìsàlẹ̀ ló ti ya lọ́tẹ̀ yìí. "Èyí ni ti yàrá tó wà láàárín ògiri méjì. Irin tiẹ̀, ìsàlẹ̀ ni." Ó da fóòmù padà sí yàrá ọlọ́dẹ, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé e ló wọ̀ mí lára jù. Ọmọ náà ṣí báàgì rẹ̀, ó mú fọ́tòkọ́pì ìwé rẹ̀ jáde, ó ń wá ojú ewé kan títí ó fi rí i. Àwòrán méjì wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju èékánná lọ, ọ̀kan tẹ̀ wọnú bíi kòtò, èkejì yọ sókè bíi gegele. Sagging wà lábẹ́ ọ̀kan pẹ̀lú àmì àròpọ̀, hogging wà lábẹ́ èkejì pẹ̀lú àmì àyọkúrò. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ eléyìí. Mo ti ń lò ó láti ọdún tó kọjá. Ó wà níbẹ̀."

Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Ìwé náà kò fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ yìí rí kọ́ lára àwòrán náà ni àmì tí yóò fi síwájú nọ́ńbà. Kò sí ìlà kankan lára rẹ̀ tó fi ibi tí yóò ti ya hàn, kò sí irin, kò sí ògiri, kò sí èèyàn kan tó dúró lórí bákónì.

Bí a bá ti to irin yẹn sísàlẹ̀, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Kọnkéré tó lè gba 25 N/mm² bí a bá tẹ̀ ẹ́, bí a bá fà á, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ igi tó gbé bákónì náà, òkè rẹ̀ á sán nídìí ògiri, kò sì sí ohunkóhun níbẹ̀ tó máa dá a dúró. Gbogbo irin tí a rà ní ọjà Dei-Dei, tí a san owó rẹ̀ pé, á wà nísàlẹ̀ níbi tí kò ti níṣẹ́ ṣe. Ìṣirò ọmọ náà kò ní àléébù kankan. 11.25 kNm ni tòótọ́.

Kódà bí a bá tò ó sókè, iṣẹ́ kò tíì parí. Dẹ́kìn tó nípọn ní 150 mm, irin òkè rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí 120 mm ga ju ìsàlẹ̀ kọnkéré lọ. Bí àwọn tó ń fi ọkọ̀ ọlọ́wọ́ da kọnkéré bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tó sì wálẹ̀ ní 40 mm péré, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára bákónì náà ti bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi máa ń tẹ àwọn irin wẹ́wẹ́ bí àga sábẹ́ irin òkè, tó sì máa ń dúró ti àwọn tó ń da kọnkéré títí wọn á fi ṣe tán. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tí àwọn ọmọ náà ń yìn.

Ojú ewé tí wọ́n ń há sórí

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ibi tí mo máa wò nínú ìwé náà. Mo yá a lọ́wọ́ ọmọ náà, mo kà á fún òpin ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé burúkú kọ́. Ìṣirò inú rẹ̀ mọ́, ó sì tẹ̀lé ara wọn bó ṣe yẹ. Ibì kan ni mo ti dúró pẹ́: ojú ewé tó ṣáájú ìlànà títẹ̀ bíìmù (igi, irin tàbí kọnkéré gbọọrọ tó ń gbé ẹrù), níbi tí wọ́n to àwọn ohun tí a ti gbà tẹ́lẹ̀ sí. Pé ohun tí a fi ṣe bíìmù rí bákan náà níbi gbogbo àti níhà gbogbo. Pé ó ń tẹ̀lé òfin tí Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará England, gbé jáde ní 1678, pé bí agbára tó ń fa nǹkan bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa nà tó. Pé ojú tó tẹ́jú kí a tó tẹ bíìmù á ṣì tẹ́jú lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́ tán. Pé bó ṣe le tó nígbà tí a bá fà á náà ló ṣe le tó nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ tí kò lè ka àwọn nǹkan wọ̀nyí láìwòwé. Ìbéèrè ìdánwò tó máa ń padà wá ni, máàkì márùn-ún lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń kà á bí ìgbà tí ọmọ kéú bá ń ka wàláà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n pé ewo nínú rẹ̀ ni kọnkéré kò gbà, ọ̀pọ̀ wọn wò mí.

Ojú ewé yìí ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìwé náà. Òun ló ń sọ fún ni ibi tí ìlànà náà ti lè tanni. Kọnkéré tí irin wà nínú rẹ̀ kò rí bákan náà níbi gbogbo. Bí òkè rẹ̀ bá ti sán, apá tó sán náà kò fa nǹkan kan mọ́, irin nìkan ló kù. Igi náà kò rí bákan náà níhà gbogbo: káfíńtà èyíkéyìí ní Dei-Dei mọ̀ pé pákó lágbára bí ó ṣe hù, pé bí a bá fà á ní ìbú, yóò là. Àwọn ọmọ wa há gbogbo rẹ̀ sórí láìmọ̀ pé ìkìlọ̀ ni.

Mo tún rí irú rẹ̀ nídìí àwọn igi tí a fi ń gbé dẹ́kìn kí kọnkéré tó le. Àwọn ọmọ mọ ìlànà Euler, onímọ̀ ìṣirò àtijọ́ kan, lórí òpó tó ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, π²EI/L² (L ni gígùn òpó), wọ́n lè fi ṣe ìṣirò lójú oorun. Mo mú méjì nínú wọn lọ sábẹ́ dẹ́kìn wa, mo ní kí wọ́n sọ ohun tí pákó tí àwọn káfíńtà kàn dábùú àárín àwọn igi náà wà fún. Ọ̀kan ní kí igi má baà ṣubú ni. Èkejì ń wò ó, lójijì ó ní: "L ti di ìdajì!" Bẹ́ẹ̀ ni. Bí a bá di òpó tẹ́ẹ́rẹ́ mú láàárín níhà méjèèjì kó má lè yẹ̀, gígùn tó lè tẹ̀ ti di ìdajì, ẹrù tó lè gbé kó tó tẹ̀ sì di ìlọ́po mẹ́rin. Káfíńtà wa kò gbọ́ orúkọ Euler rí, ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe lè gbé dẹ́kìn sórí igi láìdábùú àárín rẹ̀. Inú ọmọ yẹn dùn débi pé ó lọ bá káfíńtà náà, ó lọ ṣàlàyé ohun tó ń ṣe fún un.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ kí wọ́n tó ṣí ojú ewé kìíní ìwé strength of materials èyíkéyìí. Nígbà tí Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, gbé ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ yìí jáde ní Leiden ní 1638, ó ti darúgbó, wọ́n sì ti sé e mọ́lé. Ó kọ ọ́ bí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàárín ẹni mẹ́ta. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Venice, wọ́n sì ń sọ bí èèyàn ṣe lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà níbẹ̀. Lẹ́nu oníṣẹ́ ọwọ́ ni Galileo ti mú ẹ̀kọ́ yìí.

Àwòrán kan wà nínú ìwé náà tó ti di ìlú mọ̀ọ́ká: igi kan tí wọ́n rì sára ògiri àtijọ́ tí koríko ti hù lára rẹ̀, igi náà nà síta, wọ́n so ẹrù wúwo kọ́ ìpẹ̀kun rẹ̀. Bákónì wa ní Lugbe nìyẹn gan-an. Galileo rí i pé òkè igi náà ni yóò ti fà ya nídìí ògiri. Ibi tó ti ṣì í ni pé ó rò pé gbogbo ojú igi náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ló ń fà bákan náà, tó sì ń yí lórí etí ìsàlẹ̀. Kò mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ń fún pọ̀, pé ibì kan wà láàárín tí kò fà tí kò fún, irú èyí tí a rí lára fóòmù. Nítorí èyí, agbára tí ìṣirò rẹ̀ máa fún igi onígun mẹ́rin á fi ìlọ́po mẹ́ta ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ará Faransé mẹ́ta ló tún un ṣe: Parent ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1713, Coulomb fi kún un ní 1773, ìgbà tí Navier gbé ìwé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ jáde ní 1826 ni ìlànà tí à ń lò lónìí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó lé ní ọgọ́sàn-án ọdún láti ọ̀dọ̀ Galileo.

Mo sọ ìtàn yìí fún ọmọ IT wa. Ojú ń tì í fún ìdáhùn tó fún mi lọ́jọ́ yẹn, mo sì fẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó gba àwọn ọlọ́gbọ́n ní ìran mélòó kan kò yẹ kó dójú ti ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìwé rẹ̀ gbé èsì ọgọ́sàn-án ọdún fún un nínú ìlà kan, kò sì fún un láyè láti bi ìbéèrè tí Galileo bi. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ta ló ń fún ọmọ láyè béèrè nígbà tí ìdáhùn ti ṣáájú ìbéèrè?

Bí mo bá ń le koko lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹ̀kọ́ kan wó ní Busa Buji ní Jos, ẹni tó lé ní ogún ló kú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Mi ò sọ pé ìwé kan ló wó ilé yẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn ọmọ tó ń ka ìwé yìí lónìí la máa fọwọ́ sí iṣẹ́ wọn lọ́la, tí àwọn ọmọ ẹlòmíì á máa jókòó lábẹ́ dẹ́kìn tí wọ́n ṣírò.

Ìdánwò ló ń yan ìwé

Nígbà tí mo tún ronú sí èsì gbogbo àwọn tí mo bi léèrè, mo rí i pé ìdánwò ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìwé. Bí ìdánwò bá ń béèrè nọ́ńbà, ìwé tó ń fúnni ní nọ́ńbà ni yóò dára. Ọmọ tó bá lo àkókò rẹ̀ lórí ìwé aláàlàyé gígùn, tó sì gbé kárí-ọ́fà nítorí ẹ̀, ta ni yóò bẹ̀bẹ̀ fún un? Ọmọbìnrin Bida yẹn sọ fún mi pé òun ń ka ìwé méjèèjì ni: ìkan fún ara òun, ìkan fún ìdánwò. Ó dùn mí pé ó di dandan fún un láti pín in sí méjì bẹ́ẹ̀.

Mi ò sì lè dá àwọn olùkọ́ nìkan lẹ́bi. Ẹni tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé ìdánwò láti máàkì mọ̀ pé nọ́ńbà rọrùn láti máàkì ju àlàyé lọ. Àìsí ẹ̀rọ náà wà lára ìṣòro: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mo bá sọ̀rọ̀ kò tíì rí ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa irin já rí. Wọ́n lè ya gráàfù rẹ̀, wọ́n lè tọ́ka sí ibi tí irin ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀ àti ibi tí ó ti já, síbẹ̀ gráàfù náà kò ju ìlà lórí bébà lọ lójú wọn.

Mo mú díẹ̀ nínú wọn lọ sí ibi tí a ti máa ń yẹ irin wò kí a tó lò ó. Wọ́n fi irin 16 mm kan sẹ́nu ẹ̀rọ. Fún ìgbà díẹ̀ kò sí ohun tí ojú rí. Nígbà tó yá, ìpẹ́pẹ́ ara irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ó ń já bọ́ bí eruku. Lẹ́yìn náà ni ibì kan lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, a sì ń fojú rí i bó ṣe ń tín-ín-rín lọ. Ó wá dún gbàmù, gbogbo wọn fò sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ní a lè fọwọ́ kàn án, ojú ibi tó já lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọbìnrin kan di ègé rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ó ní òun ti kọ orúkọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ yìí nínú ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì, òun ò mọ̀ pé irin máa ń kìlọ̀ fúnni tó bẹ́ẹ̀ kó tó já. Irin dáadáa ni o. Kọnkéré tí kò ní irin tó kì í kìlọ̀.

Gbogbo iléèwé kọ́ ló lè ra ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà ṣá o. Fóòmù tí Bàbá fi kọ́ ọmọ yẹn lẹ́kọ̀ọ́ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kò sí kíláàsì kan láti Zaria dé Gwagwalada tí olùkọ́ kò ti lè fa ìlà sára fóòmù, kó sì tẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Kò sì sí iléèwé kan tó jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, tí a ti lè bẹ ẹni tó ń to irin pé kó bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, kí a sì sanwó fún un bí a ṣe ń sanwó fún olùkọ́.

Ohun tí mo fẹ́ jù ni kí ìdánwò yí padà, torí bí òun bá ti yí, ìwé á tẹ̀lé e. Kí ìbéèrè kan ṣoṣo wà níbẹ̀ tí kò ní nọ́ńbà nínú rárá: kí wọ́n ya bákónì, kí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ibi tí yóò ti sán hàn, kó fi irin sí i, kó sì sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí a bá fi irin náà sí òdìkejì.

Mo sọ èyí fún ọmọ IT wa bí a ṣe ń padà bọ̀ láti Lugbe. Ó mi orí. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, bó bá jáde lọ́dún yìí, tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, ìdáhùn ẹ̀ á ti wà nínú past question. A máa há a sórí náà ni." Ó mọ ara wọn ju bí mo ṣe mọ̀ wọ́n lọ. Mo ní kí wọ́n máa pààrọ̀ àwòrán ẹ̀ nígbà náà: bákónì lọ́dún yìí, àtẹ̀gùn lọ́dún tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìyẹn ògiri tó dá yẹ̀pẹ̀ dúró, lẹ́yìn ìyẹn táǹkì omi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ó dákẹ́ sórí ti táǹkì yẹn. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Area 1 kó tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní bí táǹkì bá ṣófo, yẹ̀pẹ̀ á máa ti ògiri rẹ̀ láti ìta. Bí wọ́n bá bu omi kún un nígbà tí wọn ò tíì da yẹ̀pẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, omi á máa tì í láti inú. Nítorí náà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló máa nílò irin.